Ìwé Lẹ Ń Rà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Bàálù Ìkọ́ṣẹ́ Ológun Àtijọ́, Kó Sì Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Wà Á

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìlú Ọba, iwájú ilé wa ní Ìkéré ni mo wà, ìkùukùu ti dé òkè Olósùnta lórí bíi fìlà. Wọ́n ní, "Àbúrò, mo ti rí bàálù."

Mo ní, "Ẹ kú oríire o. Ṣé ẹ ti rí ìwé rẹ̀?"

"Ìwé wo? Bàálù ni mo ní mo rí!"

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti wọlé. Ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà bàálù kí n tó fẹ̀yìn tì kò kéré, ohun tí mo sì sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà: ìwé lẹ ń rà, irin kàn ń tẹ̀lé e wálé ni. Bàálù tó ń dán gbinrin, tí ìwé rẹ̀ kò pé, ère ni. Ẹ lè gbé e síwájú ilé kí àwọn ọmọdé máa gùn ún.

Èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?

Bàálù ìkọ́ṣẹ́ ológun ní ìjókòó méjì àti ìdarí méjì. Ohun tí ọ̀gá bá ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ á mọ̀ ọ́n lára ọ̀pá ìdarí tó wà lọ́wọ́ òun náà. Wọ́n sì kọ́ ọ kó lè gba ìyà, torí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń rọra balẹ̀. Oríṣi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin làwọn èèyàn sábà máa ń bi mí nípa rẹ̀.

Bulldog ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ọmọ Èkìtì. Orílẹ̀-èdè Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì lò ó láti 1973 títí di 2001, àwọn ọmọ ogun òfurufú tiwa náà sì lò ó kí Air Beetle tí wọ́n tò ní Kàdúná tó gba ipò rẹ̀. Ẹni méjì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, táyà kan wà níwájú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ Lycoming alágbára ẹṣin 200. Lycoming ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà wọ́pọ̀ nínú bàálù kéékèèké káàkiri ayé, kò ní ṣòro láti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tàbí páàtì tó bá a mu.

Chipmunk dàgbà jù ú lọ. 1946 ló kọ́kọ́ fò, ní Kánádà. Ẹ́ńjìnnì Gipsy Major rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 145. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó níwájú, ọ̀gá á jókòó lẹ́yìn. Kò ní táyà iwájú, ìdí ló ń wọ́ nílẹ̀ lórí táyà kékeré kan. Bó bá ti gbéra kúrò nílẹ̀, kò sí bàálù tó dùn-ún wà bíi tiẹ̀. Ilẹ̀ ni ìjà rẹ̀ wà.

Yak-52 jẹ́ ti àwọn ará Sófíẹ̀tì, àmọ́ ilẹ̀ Romania ni wọ́n ti tò ó. Ẹ́ńjìnnì M-14P rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́sàn-án tó yí ara wọn ká bí ìtànṣán oòrùn, agbára ẹṣin 360. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n rọ sínú ìgò irin ló ń ta ẹ́ńjìnnì náà jí, òun náà ló ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, òun náà ló ń ṣe bíréèkì. Bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú ìgò níbi tí kò ti sí ẹni tó lè rọ ọ́, ẹ ti di àlejò ibẹ̀ nìyẹn.

Harvard, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní T-6, ni bàbá wọn. Agbára ẹṣin 600, láti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Ó lè mu ju lítà 100 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ní kànga epo lẹ́yìnkùlé kó máa bá a lọ.

Ẹ kọ́ wíwà kí ẹ tó na owó ríra

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń bá mi jiyàn. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi bàálù ti ara àwọn kọ́ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bàálù ológun àtijọ́ lè dúró oṣù méjì nítorí páàtì kan ṣoṣo, ohun tí ẹ kọ́ á sì ti ṣá lọ́wọ́ yín. Bàálù ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kankan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ wa, fọwọ́ sí. Kíláàsì kejì ni ti ẹni tó fẹ́ máa wà fún ara rẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ tán kí wọ́n tó rí nǹkan nínú ojú rẹ̀.

Ọmọ ọdún 17 ló kéré jù fún láísẹ́ǹsì ẹni tí ń wà fún ara rẹ̀. Wákàtí 40 ni ìlànà àgbáyé béèrè, 35 fún ẹni tó bá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Nínú rẹ̀, ẹ óò dá wà fún wákàtí 10 ó kéré tán, ẹ ó sì dá rin ìrìn kan tó tó kìlómítà 270, tí ẹ óò balẹ̀ sí pápá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má fi 40 yẹn ṣírò owó yín o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá rẹ̀ kó tó yé wọn dáadáa.

Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ́jọ́ lórí jù nílẹ̀ wa ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria, tó wà láti 1964. Ìlọrin náà ní tirẹ̀, òun ló sì sún mọ́ Èkìtì jù. Bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ti kọ́ ọ, ẹ bi NCAA léèrè bí wọ́n ṣe ń sọ láísẹ́ǹsì ibẹ̀ di ti ilé kí ẹ tó padà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá dé.

Owó

Owó ìgbàwọlé lásán ni iye tí wọ́n kọ sára bàálù. Ìnṣọ́ránsì ń bẹ, ilé tí yóò máa sùn sí ń bẹ, àyẹ̀wò ọdọọdún ń bẹ. Mẹ́ta yìí ò mọ̀ bóyá ẹ fò tàbí ẹ ò fò. Ẹni tó bá fò ní wákàtí 20 lọ́dún á pín in sí 20, ẹni tó fò ní 100 á pín in sí 100. Ìdí nìyẹn tí bàálù tí kì í fò fi wọ́n ju èyí tí ń fò lọ.

Lẹ́yìn náà ni epo, àti owó tí ẹ gbọ́dọ̀ máa yà sọ́tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Irú Lycoming tó wà nínú Bulldog, wákàtí 2,000 tàbí ọdún 12, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí wọ́n tú u palẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tó ti lo 1,700 kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó lo 200, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà kan náà kùn ún. Ẹ yọ ìyàtọ̀ náà nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe é bí àjọ. Ní Ìlú Ọba, ó wọ́pọ̀ kí èèyàn mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ní bàálù kan. Oníkálukú ra ìpín tirẹ̀, wọ́n ń dá owó oṣooṣù, wọ́n sì ń sanwó wákàtí tí wọ́n bá fò. Kí àdéhùn wà nínú ìwé: ta ló ń lò ó lọ́jọ́ Sátidé, ta ló ń sanwó bí ẹnì kan bá fi ìyẹ́ rẹ̀ gbá ògiri, báwo lẹni tó bá fẹ́ jáde ṣe máa ta ìpín rẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí kò bá lè bá yín kọ ìwé yìí, ẹ má bá a ra bàálù.

Àyẹ̀wò kí owó tó jáde lápò

Ẹ jẹ́ n parí ìtàn ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí wọ́n fi fóònù fi ojú hàn mí nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Bulldog ni, funfun pẹ̀lú pupa, ó rẹwà débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo fẹ́ wò. Mo ní, "Ẹ ṣí ìwé ẹ́ńjìnnì, ẹ lọ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, kí ẹ máa bọ̀ wá sẹ́yìn." A ṣírò rẹ̀. Ọdún mẹ́fà, wákàtí mẹ́sàn-án.

Ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní ìyẹn fi hàn pé kò tíì gbó. Ìdàkejì ni. Nínú Lycoming, òkè ni camshaft wà, ìyẹn irin tó ń ti àwọn fáàfù ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, òróró ń ta sí i lára. Bó bá dúró, òróró á ṣàn wálẹ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrì inú afẹ́fẹ́ á sì mú ìpẹtà bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe ẹnjiníà tí kò bá ẹni tó ń tà á tan, kó yọ sílíńdà kan kó yọjú wo inú rẹ̀. Ó rán fọ́tò sí mi lọ́jọ́ kejì. Ojú irin náà rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí ilẹ̀gbóná bá jà. Irú irin bẹ́ẹ̀ á máa họ, èérún rẹ̀ á máa bá òróró rìn káàkiri inú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti san owó àsansílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi jà kí wọ́n tó rí i gbà. Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pé bí àyẹ̀wò kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó gba gbogbo rẹ̀ padà.

Bí ẹnjiníà yín bá dé ìdí bàálù, ohun tí mo fẹ́ kó ṣe nìyí. Kó kọ́kọ́ ka ìwé mẹ́ta: ti ara bàálù, ti ẹ́ńjìnnì, ti abẹ̀bẹ̀ iwájú. Kó wò ó bóyá àlàfo ọdún wà níbì kan, àti bóyá wọ́n ti ṣe gbogbo àtúnṣe tí ìjọba kàn nípá fún irú bàálù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni egungun ìyẹ́, tí wọ́n ń pè ní spar. Bàálù ológun ti yí gbirigbiri lójú òfurufú tó ìgbà àìmọye, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti fi gbá ilẹ̀, ó sì ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ èèyàn. Ẹ wo wàyà tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ síwá-sẹ́yìn títí tó fi kán, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa ń ka ọjọ́ orí spar lọ́tọ̀. Bí iye tó kù fún un kò bá sí nínú ìwé, ẹ máa lọ ilé. N kò ní bá yín jiyàn lórí èyí rárá.

Kó wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kó gé asẹ́ òróró wò, bóyá irin ń dán nínú rẹ̀. Kó yọ ìjókòó àti pákó ilẹ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ̀rọ̀, torí kọ̀rọ̀ ni ìpẹtà ń gbé. Lára Chipmunk, aṣọ ni wọ́n fi bo apá ẹ̀yìn ìyẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbó. Kó wá tan ẹ́ńjìnnì. Mágínẹ́tò méjì ló ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Bó bá pa ọ̀kan, iye ìyípo Lycoming ní ìṣẹ́jú kan á rẹlẹ̀ díẹ̀. Bó bá já ju 175 lọ, tàbí tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ju 50 lọ, nǹkan wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi padà ra ìdá mẹ́rin kan nínú Bulldog mìíràn tó ń fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Ìwé rẹ̀ pé.

Ṣé kó wá sílé àbí kó dúró lọ́hùn-ún?

Ọ̀pọ̀ bàálù ológun àtijọ́ kò ní ìwé ẹ̀rí kíkún irú èyí tí bàálù èrò ní. Ìwé àyè pàtàkì ni wọ́n fún wọn, ní orílẹ̀-èdè tó fún wọn nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò kàn lè gbéra láti Ìlú Ọba kí ẹ máa balẹ̀ láti ìlú dé ìlú dé Adó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fò kọjá lẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá máa wálé, kọ̀ǹtéénà ni: wọ́n á tú ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á dì í, ó di ojú omi, ó di Àpápá, ó di orí tírélà.

Kí ẹ tó dì í rárá, ẹ lọ bá NCAA. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa gbà á sí ìwé, kó lè ru àmì 5N, àti irú ìwé àyè tí wọ́n máa fún un. Ọ̀rọ̀ ààbò náà ń bẹ níbẹ̀: ohun tó ti ru aṣọ ológun rí, àwọn aláàbò ìlú gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i kó tó wọlé. Bí ìdáhùn wọn kò bá sí nínú ìwé, kọ̀ǹtéénà kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà.

Epo ni ìṣòro kejì, òun ló sì ń dá mi lẹ́kun jù. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí mo dárúkọ yìí kì í mu epo Jet A-1 tí bàálù èrò ń mu. Avgas ni wọ́n fẹ́, kò sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Pápákọ̀ òfurufú ti wà ní Adó, bàálù ti balẹ̀ síbẹ̀ láti 2022, rọ́nwéè rẹ̀ tó tí Bulldog máa dà bí èèrà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́nwéè kọ́ là ń sun nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ wádìí ibi tí àgbá epo á ti máa wá, iye rẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gbé e, kí ẹ tó pinnu. Èrò tèmi ni pé kó dúró síbi tí epo àti ẹnjiníà wà fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin máa lọ bá a. Ó dun ọmọ Èkìtì láti gbọ́, mo mọ̀.

Kíkọ́ bàálù náà gan-an

Láísẹ́ǹsì ti wà lọ́wọ́, bàálù ti wà. Ẹ wá ọ̀gá tó mọ irú bàálù yẹn gan-an, kì í ṣe ẹni tó kàn mọ bàálù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa. Ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ di ojú yín, kí ọ̀gá máa dárúkọ nǹkan: ibi tí wọ́n ti ń pa epo, flap (etí ẹ̀yìn ìyẹ́ tó ń tẹ̀ wálẹ̀), ohun tí wọ́n fi ń ṣí ìdérí. Ìgbà tí ọwọ́ yín bá ń lọ síbẹ̀ láìrò ó ni kí ẹ dìde. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lápò yín sílẹ̀ pẹ̀lú. Bíro tó bọ́ sílẹ̀ nígbà tí bàálù dorí kodò lè há sábẹ́ ọ̀pá ìdarí.

Fún Yak àti Harvard, ẹ máa fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì jí, torí òróró máa ń ṣàn sínú àwọn sílíńdà ìsàlẹ̀. Ẹ rí i pé mágínẹ́tò ti wà ní pípa, síbẹ̀ kí ẹ ka abẹ̀bẹ̀ náà sí ajá tó ń sùn. Bó bá há, ẹ má fi agbára tì í, ẹ má sì yí i padà sẹ́yìn. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, kí òróró jáde. Píísítìnì kò lè tẹ òróró pọ̀ bó ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́. Irin tó so ó mọ́ra ni yóò tẹ̀.

Bàálù tí táyà kékeré wà nídìí rẹ̀, ẹ rántí ọmọlanke tí ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo. Bó bá yà díẹ̀, ẹ̀yìn á fẹ́ ṣíwájú. Ẹsẹ̀ yín lórí rudder, ìyẹn ohun tó ń yí imú bàálù sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò gbọdọ̀ sinmi títí tí bàálù fi dúró pátápátá. Àwọn tó gbé e balẹ̀ dáadáa, tí wọ́n wá mí kanlẹ̀ kí ìrìn tó tán, àwọn ló ń yí bírí. Ní ti Yak, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí sí òdìkejì ohun tí ẹ ti mọ̀, ẹsẹ̀ òsì ló ń bèèrè nígbà tó bá ń gbéra.

Lẹ́yìn èyí ni stall àti spin. Bí imú bàálù bá ga jù, afẹ́fẹ́ á já kúrò lórí ìyẹ́, ọ̀pá ìdarí á rọ̀ bí iyán tó kún fún omi, ìyẹ́ kan á ré wálẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀pá fà á sókè ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ń pe spin nìyẹn, ìyẹn kí bàálù máa yí bírí bọ̀ wálẹ̀. Kí ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀gá, lókè réré. Fún Bulldog àti Chipmunk, bí a ṣe ń jáde ni pé kí ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù pátápátá, kí ọ̀pá má yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, kí ẹ tẹ rudder dé òpin ní òdìkejì ibi tí bàálù ń yí sí, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá máa ti ọ̀pá síwájú títí yíyí fi dúró. Kí ẹ dá rudder padà sáàárín, kí ẹ sì rọra fà á sókè. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé. Ìwé bàálù tiyín ló ní àṣẹ lórí ohun tí mo sọ yìí.

Bó bá jẹ́ ojú ọ̀run Èkìtì ni

Òwúrọ̀ ni kí ẹ máa fò. Adó ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 450. Ní ọ̀sán tí ooru bá dé 35, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́ bíi ti ibi tó ga tó mítà 1,300. Bàálù á sáré pẹ́ kó tó gbéra, á sì máa gòkè bí àgbàlagbà. Ìwọ̀ oòrùn, níhà Ẹfọ̀n àti Òkèmẹ̀sí, òkè ló kún ibẹ̀; níhà Ìkọ̀lé àti Òmùò ni igbó ti ń di ọ̀dàn, ibẹ̀ sì ni èmi á fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú sí bó bá di dandan. Lásìkò òjò, ẹ padà wálé kí ìkùukùu ọ̀sán tó ga. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ kò bá rí Olósùnta láti ibi tó yẹ kí ẹ ti rí i, ẹ jókòó sílé.

Bí ẹ bá balẹ̀, ẹ kọ wákàtí àti àbùkù sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó bọ́ fìlà. Kí ẹ bo pitot pẹ̀lú, ìyẹn pọ́ọ̀pù tóóró tó ń gba afẹ́fẹ́ láti mọ eré tí bàálù ń sá. Kòkòrò kan wà nílẹ̀ wa tó ń fi amọ̀ kọ́lé sínú ihò, kì í pẹ́ ẹ kọ́ ọ. Bó bá dí i, aago eré á máa purọ́ fún yín nígbà tí ẹ bá gbéra. Kódà bó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ sáré lọ jẹ iyán kí ẹ padà, ẹ bò ó.